Dìgírì Kejì: Àpò Ta Ni Yóò Ti Jáde?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì: "Mo fẹ́ padà lọ ka Lọ́ọ̀." Ẹni tó ka Akáǹtì ń sọ ọ́, ẹni tó ka Ìtàn náà ń sọ ọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí, wọn á ní iṣẹ́ kò sí níta, ìwé ẹ̀rí kan kò tó jẹun mọ́. N kò jiyàn pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Iye tí wọ́n rò pé ìwé kejì yóò ná wọn ni mo ń bá wọn jiyàn lé lórí.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n máa ń kà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ti ní dìgírì kan, tó gba Direct Entry wọlé, ọdún mẹ́rin ni yóò fi ka Lọ́ọ̀, yóò tún lo bí ọdún kan ní Nigerian Law School kó tó dé wíìgì. Ọdún márùn-ún nìyẹn, bí ASUU kò bá daṣẹ́ sílẹ̀. A ò sì tíì gbàgbé ọdún 2022, tí kíláàsì wà ní títì láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tí wọn kò fi kọ́bọ̀ kan lé e, á ti gba ₦4,200,000 láàárín ọdún márùn-ún. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi sílẹ̀ nìyẹn, kó tó ra ìwé, kó tó sanwó yàrá. Ẹnikẹ́ni kì í já rìsíìtì fún un lórí irú owó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í rí i.

Ọjọ́ orí náà ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ báńkì ló máa ń sọ pé ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 26 lọ kó má wulẹ̀ kọ̀wé. Ẹni tó gba dìgírì àkọ́kọ́ ní ọmọ ọdún 22, ó ti di 27 kó tó parí ti èkejì. Ilẹ̀kùn tó fẹ́ fi ìwé méjì ṣí ti padé.

Ní Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka Lọ́ọ̀ níbẹ̀, mẹ́ta ni ti Kọ́másì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ sábà máa ń parí wọn lọ́dún márùn-ún, torí àwọn kọ́ọ̀sì kan ń kà fún ìhà méjèèjì. Èrè ọdún méjì ni tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yìn ìlà la ó tún padà sí.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọ̀tá ìwé o. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ṣùgbọ́n Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lé méjì, ó sì mú méjèèjì. Ilé ló wà tó fi gba dìgírì Kọ́másì ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944, ó sì ń wá jíjẹ mímu rẹ̀ bó ṣe ń kàwé lọ. Ọdún yẹn náà ló lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ ka òfin, ó sì di lọ́yà lọ́dún 1946. Ìwé àkọ́kọ́ kò dá ọjà rẹ̀ dúró. Èkejì ṣí ilẹ̀kùn tí kò sí kọ́kọ́rọ́ mìíràn fún, torí ẹni tí kò jẹ́ lọ́yà kò lè gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò ní kóòtù. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ dókítà àti ti nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n akáǹtáǹtì tó ń wá ìgbéga, ìdánwò ICAN ni kó lọ jókòó sí. Kò ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára jù ni inú ilé. Mo mọ ìyá kan ní Òṣogbo tó ń ta aṣọ. Àjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ti gba dìgírì nínú ètò ìṣèlú, ní òun fẹ́ lọ ka Lọ́ọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. "Màámi, kó ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. Àbúrò ń ká aṣọ lọ, kò fèsì. Àjọ kan ṣoṣo, ọmọ méjì: ìwé kejì ẹ̀gbọ́n fẹ́ jẹ ìwé àkọ́kọ́ àbúrò.

Èrò tèmi ni pé kí òbí san ti àkọ́kọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ èkejì wá iṣẹ́, kó fi owó ara rẹ̀ san ó kéré tán ti sáà àkọ́kọ́. National Open University kúkú wà fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kàwé láìfiṣẹ́ sílẹ̀. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ronú àtipadà, jẹ́ kí owó náà ti àpò rẹ jáde. Wàá tètè mọ̀ bóyá ìmọ̀ lò ń wá, tàbí ibi tí wàá sá pamọ́ sí fún àìríṣẹ́ṣe.