Ẹni Tí Ó Gba Àlọ́ Lẹ́nu Ọmọ, Kí Ni Ó Fi Rọ́pò Rẹ̀?

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí, ogun kan jà ní Ọ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 tí ó fi di ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń fi ṣe àpèjúwe: ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Ogun ìgbà náà gba ojú títì wá, etí gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ìró ìbọn. Ohun tí ń wọ ilé lónìí, láti Ọ̀rẹ̀ títí dé Odígbó, kì í pariwo. Ojú fóònù ni ó ń gbà wọlé ní òru, nígbà tí bàbá ti rò pé ọmọ ti sùn.

Ìwé ìtàn ni. Àwọn òǹkọ̀wé òkè òkun ni ó ń kọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Wọn a mú àlọ́ àtijọ́ tí àwọn ìyá àgbà ń pa, wọn a fi ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún sí àárín rẹ̀, wọn a fi idán, ẹ̀mí àìrí àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kún un, wọn a sì sọ ọ́ di ìwé ńlá tí ó so kọ́ra ní méjì tàbí mẹ́ta. Ilẹ̀ Japan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń yá aṣọ wọ̀. Renée Ahdieh, tí ó ti kọ́kọ́ tún ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan ti àwọn Lárúbáwá sọ ní ọdún 2015, gbé Flame in the Mist jáde ní ọdún 2017. Ọmọ jagunjagun kan ni, tí wọ́n ń gbé lọ fún ọmọ ọba láti fi ṣaya, tí àwọn kan dá lọ́nà, tí òun náà sì múra bí ọkùnrin láti lọ fi ara pamọ́ sáàárín àwọn tí ó fura sí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Julie Kagawa gbé Shadow of the Fox jáde. Ọmọbìnrin inú ìyẹn, ìdajì rẹ̀ ènìyàn, ìdajì rẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ìwé àdìtú tí ó gbé dání ni a fi ń pe ẹ̀mí ńlá kan jáde láti wá mú ohun tí ènìyàn ń fẹ́ ṣẹ.

Ṣùgbọ́n kò pin sí Japan. Ní ọdún 2018 kan náà ni Tomi Adeyemi, tí a bí sí Amẹ́ríkà fún àwọn òbí tí ó ti Nàìjíríà lọ, gbé Children of Blood and Bone jáde. Ìlú inú rẹ̀ ń jẹ́ Orïsha. Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin wà níbẹ̀, agbára idán tí ọba kan pa run ni àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì ń jà láti dá padà. Ní ọdún 2021, Natasha Bowen, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Wales, kọ Skin of the Sea. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ọmọbìnrin inú omi tí Hans Christian Andersen kọ ní Denmark ní ọdún 1837 yóò rí òjìji rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ Yemọja àti Màmí Wàtá ni wọ́n wọ̀ fún un.

Ẹnu àwọn àgbà kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá méjì ni wọ́n pín sí, apá méjèèjì ni ó sì ṣìnà.

ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÍ A DÁNÁ SUN ÚN

Apá kìn-ín-ní ni àwọn tí ó ní irọ́ ni gbogbo àlọ́, èèwọ̀ sì ni gbogbo irọ́. Bí wọ́n bá rí ìwé ìtàn lọ́wọ́ ọmọ, wọn a gbà á, wọn a fà á ya. Kí irú wọn dáhùn: ta ni ó sọ fún wọn pé ẹ̀sìn Islam kórìíra ìtàn? Nínú Súrà Yúsúfù, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ pe ohun tí Ó ń sọ fún Ànábì ní ìtàn tí ó dára jù lọ, Ó sì fi yé ènìyàn ní ìparí Súrà náà pé àríkọ́gbọ́n wà nínú ìtàn àwọn ẹni ìṣáájú fún ẹni tí ó ní làákàyè. Nínú Súrà Naml, èèrà sọ̀rọ̀, ẹyẹ jíṣẹ́. Òtítọ́ ni àwọn wọ̀nyí, wọn kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ọ̀nà ìtàn jẹ́ ọ̀nà tí Ọlọ́hun yọ́nú sí láti fi kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́.

Bí wọ́n bá ní àlọ́ àtọwọ́dá ni àwọn ń wí, ẹ bi wọ́n nípa Kalila wa Dimna, tí Ibn al-Muqaffa' yí sí èdè Lárúbáwá ní nǹkan bí ọdún 750. Ẹranko ni ó ń bá ẹranko sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìtàn inú rẹ̀, àwọn mùsùlùmí sì ti ń kà á láti ìgbà náà. Ẹ bi wọ́n nípa Maqāmāt al-Hariri, ẹni tí ó kú ní ọdún 1122. Àwọn ààfáà ńláńlá ní ilẹ̀ Yorùbá kà á ní ilé kéú, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ. Ta ni Abu Zayd tí ó wà nínú rẹ̀? Ẹlẹ́tàn ni, ẹlẹ́nu dídùn, alágbe tí ń yí aṣọ padà láti ìlú dé ìlú, tí ń fi ọ̀rọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò fura. Ààfáà tí ó bá ka Abu Zayd, tí ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kí ni yóò fi bú Ìjàpá? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí èdè Lárúbáwá ni ti Abu Zayd fi di ẹ̀kọ́, tí ti Ìjàpá sì di kèfèrí nítorí èdè Yorùbá, kí ó má fi ẹ̀sìn bojú. Ìfojú-tín-ín-rín èdè ara rẹ̀ ni.

ÀWỌN TÍ Ó NÍ ÌTÀN LÁSÁN NI

Apá kejì ni àwọn olùkọ́ àti òbí tí ó ní, “Ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ìtàn lásán ni, ó sàn kí wọ́n máa kàwé ju kí wọ́n máa rìn kiri lọ.” Ọ̀rọ̀ wọn dùn, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Bí ìtàn bá jẹ́ lásán, kí ni an-Nadr ọmọ al-Harith ń wá kiri ní Mẹ́kà? Àwọn olùsọ ìtàn ayé Ànábì sọ pé ọkùnrin yìí kó ìtàn Rustam àti Isfandiyar wá láti ilẹ̀ Páṣíà. Bí Ànábì bá ti wáàsí tán, òun a jókòó sí àyè náà, a máa fi ìtàn àwọn akọni fa ọkàn àwọn ènìyàn kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onítúmọ̀ Àlùkùránì so ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ kẹfà Súrà Luqmān. An-Nadr mọ ohun tí àwọn òbí òde òní kò mọ̀: ọkàn tí ìtàn bá gbà, ìtàn ni ó ni ín.

Ẹ sì jẹ́ kí òtítọ́ hàn. Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í ṣe èṣù pátápátá. Adeyemi sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé ìrora òun lórí àwọn ènìyàn dúdú tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà ni ó mú òun kọ ọ́, mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ di etí sí igbe ẹni tí a fìyà jẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ka ìwé ni ó ń sọ ohun tí ìwé yóò ṣe. Ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kà nípa ẹ̀jẹ̀ àti agbára òrìṣà yóò pa ìwé dé, yóò sùn. Kò sí ẹni tí ń ta irú agbára bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Ọmọ Ọ̀rẹ̀ yóò pa ìwé dé, yóò sì rí pátákó oníṣègùn tí ó ní òun ń ṣe àwúre lójú títì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta lórí ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan láti fi orí rẹ̀ ṣe ògùn owó. Kì í ṣe ìwé ìtàn ni ó kọ́ wọn; ìròyìn sọ pé ọ̀kan nínú wọn ní orí Facebook ni òun ti rí i. Síbẹ̀, ó fi hàn bí ògiri tí ó wà láàárín idán inú ìtàn àti ọ̀bẹ ojú ayé ti fẹ́lẹ́ tó ní ilẹ̀ yìí. Súrà Baqarah, ní ẹsẹ 102, sọ ti àwọn tí ó kọ́ ohun tí ń pa wọ́n lára tí kò sì ṣe wọ́n ní àǹfààní. Ìtàn tí ó bá fi idán hàn bí adé láìsọ iye tí ẹni tí ó dé e yóò san, irọ́ gidi nìyẹn.

ẸJỌ́ ÀWỌN ÀGBÀ

Nísinsìnyí, níbo ni ẹ̀bi wà? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ta ni ó la ẹnu ògiri?

Ẹ wo Japan tí wọ́n ń yá aṣọ rẹ̀ wọ̀. Ní ọdún 1904, Lafcadio Hearn, àlejò tí ó lọ jókòó síbẹ̀, kọ Kwaidan, ìtàn ẹ̀mí àìrí ilẹ̀ náà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Japan kò dáná sun ún, wọn kò sì fi sílẹ̀ fún un nìkan. Ní ọdún 1910, Yanagita Kunio gbọ́ ìtàn àwọn ará oko Tōno lẹ́nu ọmọ bíbí ibẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè wọn. Nítorí náà, bí àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà bá tún àlọ́ Japan ṣe lónìí, ọmọ Japan ní ibi tí yóò wò láti sọ pé, “Bí ó ti rí kọ́ nìyí.”

Ọmọ Yorùbá ńkọ́? Nínú ìwé Adeyemi, Ìlọrin jẹ́ abúlé àwọn apẹja tí ó léfòó lórí omi, ọmọ onídán ni akọni rẹ̀. Ìlọrin! Ìlú tí kò mọ òkun, ìlú Sheikh Alimi, ìlú tí ilé kéú pọ̀ sí ju ọkọ̀ ojú omi lọ, ìlú baba Sheikh Adam Abdullah al-Ilory, ẹni tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952 kí ó tó gbé e lọ sí Agége. Òǹkọ̀wé àlọ́ lómìnira láti lo orúkọ bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn wo ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Odígbó lè gbé ka orí eékún lónìí, tí yóò fi Ìlọrin kejì hàn án, tí yóò sì dùn tó èyí? Àwọn tí ó ń fà ìwé ya, àwọn mélòó ni ó ti kọ ẹyọ kan?

Ọ̀nà tí ó ti Ọ̀rẹ̀ gba Oǹdó lọ sí Ifẹ̀ gba Òkè-Igbó kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà ní ọdún 1903. Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ jáde. Onígbàgbọ́ ni, ìwé rẹ̀ kì í sì í ṣe ìwé tí a fi ń kọ́ ìmọ̀ tawhīd. Ògùn kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mú igbó tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ó fi orúkọ Ẹlẹ́dàá lékè rẹ̀. Àwọn ọdẹ rẹ̀ rin ìrìn àjò dé Òkè Láńgbòdó. Èyí tí ó ṣe iyebíye jù nínú ohun tí wọ́n bá pàdé ni ẹ̀kọ́ tí Ìrágbèje kọ́ wọn. Nígbà tí ó fi kú ní ọdún 1963, ó ti fi ìwé ìtàn gígùn márùn-ún sílẹ̀. Wole Soyinka yí èyí àkọ́kọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Ọmọ tí ó mọ ẹ̀mí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Japan ní orúkọ ń wọ ọkọ̀ kọjá ní Òkè-Igbó, kò sì mọ Àkàrà-ògùn.

Ohun tí onígbàgbọ́ kan lè fi èdè Yorùbá ṣe ní 1938, kí ni ó dí mùsùlùmí lọ́wọ́ láti ìgbà náà? Ìbẹ̀rù ni, àti ọ̀lẹ. Wáàsí rọrùn ju ìtàn lọ. Èèwọ̀ rọrùn ju ẹ̀kọ́ lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwé tí ẹ bá gbé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: nígbà tí ìtàn bá parí, lọ́wọ́ ta ni agbára wà? Bí ó bá jẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ara rẹ̀ di òrìṣà, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tawhīd ni wọ́n ń fi orin bá yín jiyàn lé lórí. Èkejì: kí ni idán gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó lò ó? Ìtàn tí ó sọ iye owó rẹ̀ lódodo jẹ́ ìkìlọ̀. Èyí tí ó fi pamọ́ jẹ́ ìpolówó ọjà. Ẹ̀kẹta: ṣé ẹ lè jókòó sọ ọ́ fún ìyá yín ní Yorùbá láti orí dé ìdí, láìfo ojú ìwé kankan? Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí ń gún ọkàn ẹni, tí ẹni kò sì fẹ́ kí ènìyàn mọ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbé ìṣáná sílẹ̀. Kí ilé kéú kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀. Kí àwọn ìyá Àsàlátù wá pa àlọ́ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn, ti Oǹdó àti ti Ìkálẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ sì fi fóònù kan náà gbà á sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó gún. Èyí tí ó bá ta ko ìgbàgbọ́, kí ààfáà fi ọgbọ́n tọ́ ọ sọ́nà níwájú gbogbo ènìyàn, kí ọmọ lè mọ ìdí. Kí àwọn tí ó ní ẹ̀bùn nínú àwọn ọ̀dọ́ kọ ìtàn tuntun: ti ọmọ kéú tí ó fi ẹsẹ̀ rin láti Odígbó dé Ìlọrin nítorí ìmọ̀, ti ọmọbìnrin tí ó kọ ògùn owó sílẹ̀ nígbà tí ebi ń pa á. Kí ó dùn. Ìtàn tí kò bá dùn kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá gba àlọ́ lẹ́nu ọmọ láìfi nǹkan rọ́pò rẹ̀, ẹnu tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìmọ̀ tí ó wúlò jíǹkí àwọn ọ̀dọ́, kí Ó fi sùúrù jíǹkí àwọn àgbà, kí Ó sì má jẹ̀ẹ́ kí ìran tí ń bọ̀ gbọ́ ìtàn ilé wọn lẹ́nu àlejò nìkan. Āmīn. Wa billāhi t-tawfīq.