Ọpọ́n Ifá Tí Bàbá Fi Sílẹ̀



Bí babaláwo bá kú, tí àwọn kan nínú ọmọ rẹ̀ sì ti di Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ẹrù rẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko tàbí ilé ni mo ń wí. Ọpọ́n Ifá ni, tí wọ́n gbẹ́ ojú Èṣù sí létí, àti ìrọ́kẹ́ tí bàbá fi ń lu ọpọ́n náà nígbà tí ó bá ń pe Ifá, àti agere tí ó ń kó ikin mẹ́rìndínlógún sí. Ọmọ kan á ní kí wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀. Òmíràn á dákẹ́ ní tirẹ̀, á gbé e lọ bá oníṣòwò ère lóru, á sì gba owó. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀gbọ́n wọn tí ó ṣì ń bọ Ifá kò ní bá nǹkan kan lójúbọ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ dá Ifá, kò sì gbọdọ̀ ní kí wọ́n dá a fún òun. Nínú Súrà Màídà, ẹsẹ̀ 90, Ọlọ́hun ka ọfà tí àwọn Lárúbáwá fi ń ṣẹ́ ìbò mọ́ ọtí àti tẹ́tẹ́, Ó sì ní kí a jìnnà sí wọn. (Ẹ̀yin ààfáà tí ẹ ń tẹ yanrìn nínú yàrá, tí ẹ sì ń pe babaláwo ní kèfèrí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ẹsẹ̀ náà kà.)

Ṣùgbọ́n ta ni ó fún wa láṣẹ láti sun ohun tí kì í ṣe tiwa? Hàdíìsì wà nínú Bùkárì àti Mùsùlímù pé Mùsùlùmí kì í jogún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Nítorí náà, lójú Ṣẹ̀ríà, ọmọ yìí kò ní ìpín kankan nínú ẹrù bàbá náà. Bí a bá sì ní kí a gba ti àṣà Yorùbá, ti gbogbo ẹbí ni ọpọ́n, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀nà wo ni ó wá gbà di olówó rẹ̀?

Ti ẹni tí ó tà á tilẹ̀ burú jù. Ànábì wa ka títa òrìṣà mọ́ títa ọtí, òkú ẹran àti ẹlẹ́dẹ̀, ó sì kọ̀ ọ́ fún wa. Bí ọpọ́n bá jẹ́ òrìṣà, háráámù ni owó yẹn. Bí ó bá sì jẹ́ igi lásán, kí ni ẹ fẹ́ fi iná ṣe? Òfin ìjọba ti ọdún 1979 pàápàá kò gbà kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa ra nǹkan àtijọ́, tàbí kí ó máa kó o jáde ní Nàìjíríà.

Ẹ wò ó, ọpọ́n Ifá tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ kò sí nílẹ̀ wa. Aládà ni wọ́n ti gbé e, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí, ṣáájú ọdún 1659, ìlú Ulm ní Jámánì ni ó sì wà. Àwọn ènìyàn ń lọ wò ó níbẹ̀, kò sì sọ wọ́n di abọ̀rìṣà.

Kí Mùsùlùmí gbé ẹrù náà lé ẹbí tí ó ni ín lọ́wọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ mọ́, kí ẹbí fi ohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba. Ẹni tí ó bá sì ti tà á, kí ó lọ sọ orúkọ ẹni tí ó rà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n lè tètè lọ béèrè rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òkun.