Ẹ Sọ Òtítọ́ Ìfètòsọ́mọbíbí Fún Àwọn Obìnrin

Ìwádìí NDHS tọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ ní ìgboro Nàìjíríà, nǹkan bíi 18 péré ló ń lo ìlànà ìgbàlódé fún ìfètòsọ́mọbíbí. Ní ìgbèríko, mẹ́jọ ni. Ní Abuja, Kano tàbí Port Harcourt, ilé ìwòsàn kì í sábà jìnnà bíi ti abúlé. Kí ló wá fà á?

Ní tèmi, ìbẹ̀rù wà lára ohun tó fà á, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan sì ń dá kún un. Wọ́n á gún obìnrin ní abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, wọn ò ní sọ fún un pé nǹkan oṣù rẹ̀ lè ṣe ségesège tàbí kó dáwọ́ dúró. Tó bá ṣẹlẹ̀, á rò pé ẹ̀jẹ̀ ń dì sínú òun. Kò ní padà wá mọ́, á tún kìlọ̀ fún àwọn ará àdúgbò.

Òtítọ́ rèé: ẹ̀jẹ̀ kankan kò kó jọ síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ló mú kí awọ inú ilé ọmọ fẹ́lẹ́, nítorí náà kò sí ohun tó pọ̀ láti dà jáde. Kì í sọni di àgàn, àmọ́ lẹ́yìn téèyàn bá dá a dúró, oyún lè pẹ́ tó ọdún kan kó tó dúró. Ẹni tó bá ń gbèrò àti bímọ láìpẹ́, kó béèrè nípa lúùpù tàbí ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, oyún lè dúró kíákíá. Oògùn pàjáwìrì inú kẹ́mísítì kì í ṣe ohun tí tọkọtaya ń gbójú lé lóṣooṣù, agbára rẹ̀ kò tó ti àwọn wọ̀nyí.

Àjọ WHO dámọ̀ràn pé kí ìyá dúró fún oṣù 24, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kó tó lóyún mìíràn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ gba ìmọ̀ràn. Àmọ́ obìnrin tó bá dá wá, kí nọ́ọ̀sì má lé e padà pé kó lọ mú ọkọ wá.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá gbogbo ara mu. Ẹ béèrè pé: kí ló máa yí padà lára mi? Ìgbà wo ni mo máa padà wá? Bí mo bá fẹ́ bímọ ńkọ́? Ẹ̀tọ́ yín ni ìdáhùn, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á.