Askia Muhammad: Balógun Tí Ó Di Ọba

Odò Ọya tí ó pín sí ẹ̀ka-ẹ̀ka wọ inú òkun ní agbègbè wa yìí, bí ẹ bá tọ̀ ọ́ lọ sókè títí, yóò mú yín dé ìlú Gao ní orílẹ̀-èdè Mali. Níbẹ̀ ni ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ti jọba.

Ọ̀kan nínú àwọn balógun Sunni Ali, ọba Songhai, ni Muhammad. Nígbà tí ọba náà kú ní ọdún 1492, Baru ọmọ rẹ̀ gorí oyè. Muhammad gbógun tì í, ó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1493, ó sì gba adé.

Iṣẹ́ rere rẹ̀ pọ̀. Ó lọ sí Háájì láàárín ọdún 1496 sí 1498. Àwọn òpìtàn Timbuktu sọ pé 300,000 owó wúrà ni ó kó lọ, ó sì fi 100,000 ṣe sàárà ní ìlú mímọ́ méjèèjì. Ó ra ilẹ̀ sí Mẹ̀dínà kí àwọn arìnrìn-àjò láti ìhà tiwa lè rí ibi wọ̀ sí. Nígbà tí al-Maghili, àáfà ńlá tí ó kọ ìwé ìmọ̀ràn fún Ọba Rumfa ní Kano, dé Gao, Askia bi í léèrè nípa ìṣàkóso, títí kan òṣùwọ̀n èrú nínú ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ti rí fún un lọ́jọ́ alẹ́. Ojú rẹ̀ fọ́. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá, ní ọdún 1529, Musa ọmọ bíbí inú rẹ̀ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1531, ọmọ àbúrò rẹ̀ gba oyè náà, ó sì lé arúgbó náà lọ sí erékùṣù kan nínú Odò Ọya. Nígbà tí Ismail ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ wò, bàbá di apá rẹ̀ mú, ó bi í léèrè bí ẹni tí ó ní irú apá bẹ́ẹ̀ ṣe lè fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀fọn àti ọ̀pọ̀lọ́. Ismail gba ìjọba ní ọdún 1537, ó sì gbé e padà wálé. Ní ọdún 1538 ni ó jáde láyé.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹni tí ó fi agbára gba oyè ni àwọn ọmọ fi agbára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ wa ni yóò ṣe, kì í ṣe ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu wa nìkan. Àwa tí a ní ilé níbí, tí a tún ní ilẹ̀ ní ìlú wa, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ọmọ jọ nígbà tí ojú wa ṣì ń ríran. Kí a sọ gbèsè wa fún wọn, kí a kọ wàsíyà wa sílẹ̀, kí a sì má ṣe fi ọ̀kan ṣe àyànfẹ́ ju èkejì lọ.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí alẹ́ wa sàn ju òwúrọ̀ lọ. Àmín.