Àìná Òkè-Ọ̀dàn Kò Nílò Adé

Bí ìtàn Sarah Forbes Bonetta bá ti bẹ̀rẹ̀, "ọmọ ọba" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè é. Òyìnbó ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Yewa sì gbà á lẹ́nu wọn. Ta ló rí adé bàbá rẹ̀?

Nǹkan bí 1843 ni wọ́n bí i sí Òkè-Ọ̀dàn, ìlú tó bá Ìdógò àti Ìlaròó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa lónìí. Àìná ni wọ́n ń pè é. Ní 1848, ogun Dàhòmì ya wọ ìlú náà, wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n sì kó òun lẹ́rú lọ sí ààfin Ghezo, ọba wọn. Ní 1850, Ghezo fi í ta ọ̀gákọ̀ Frederick Forbes lọ́rẹ. Ọkùnrin yìí fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, sọ ọmọ náà, ó sì mú un lọ bá Ọbabìnrin Victoria, tó gbé ìtọ́jú rẹ̀ lérí.

Ẹnu Forbes yìí náà ni ọ̀rọ̀ adé ti ṣẹ̀. Àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1851 kò ju èyí lọ: wọ́n fi ọmọ náà pa mọ́ láàfin fún ọdún méjì, wọn kò tà á fún olówò ẹrú, ọmọ ilé ńlá ni wọ́n sì máa ń dá sí fún ìrúbọ, nítorí náà, ilé rere ló ti wá. Ìméfò ni. Kò dárúkọ bàbá, kò dárúkọ ìyá. Ilé balógun, ilé ìyálóde, ilé olówò pàtàkì, ilé rere ni gbogbo wọn. Orúkọ Àìná pàápàá kò lè jẹ́rìí, nítorí ọmọbìnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni í jẹ́ ẹ, ìbáà ṣe ọmọ ọba tàbí ọmọ ìwọ̀fà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1530 títí di 1688 ni àwọn akéde ọba fi ń lọ káàkiri, tí wọ́n ń kọ ìran àwọn ọlọ́lá sílẹ̀. Ní Yewa, ẹnu àwọn ìyá àgbà tó ń ki oríkì ni ìwé yẹn wà, ogun sì ya á.

Ìran tó hàn gbangba ni ti ìsàlẹ̀. Ní 1862, Àìná fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní Brighton. Stella ọmọ wọn bí Ìdòwú fún Herbert Macaulay. Ìdòwú bí Babátúndé Kwaku Adadevoh, tó di gíwá Yunifásítì Èkó. Babátúndé bí Ameyo Stella, dókítà tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn Ebola kúrò ní ọsibítù rẹ̀ l'Ékòó ní July 2014, tí àrùn náà sì pa á lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìran kárùn-ún láti Òkè-Ọ̀dàn nìyẹn, kò sì sí adé kankan níbẹ̀.

Àwọn kan á ní adé ló ń fa àlejò wálé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ "ọmọ ọba" sára òkúta ìrántí kankan, ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ rán àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ sí agboolé kọ̀ọ̀kan ní Òkè-Ọ̀dàn, kí wọ́n gba oríkì orílẹ̀ àti ìtàn ogun 1848 sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó ṣì kù.