Ta Ni Ó Rẹ Fìtílà Sílẹ̀?

Tọkọtaya kan gbé ìjà wá sí ọ̀dọ̀ mi láìpẹ́ yìí. Ìyàwó ní, "Àáfà, ọkọ mi ń gaslight mi." Ni ọkọ bá fò dìde: "Háà! Àáfà, n kò gbé gáàsì dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí o!" Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Inú eré ni ó ti wá. Patrick Hamilton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ eré Gas Light tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1938. Wọ́n fi ṣe sinimá níbẹ̀ ní 1940, wọ́n sì tún un ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1944. Èyí tí Ingrid Bergman ṣe ìyàwó, tí Charles Boyer ṣe ọkọ, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù.

Ìtàn náà nìyí. Ọkùnrin kan fẹ́ obìnrin kan nítorí ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye tí ó wà nínú ilé tí obìnrin náà jogún. Ní alaalẹ́, yóò ní òun ń jáde lọ, yóò sì yọ́ gun orí àjà láti wá a kiri. Gáàsì inú páìpù ni wọ́n fi ń tan fìtílà láyé ọjọ́un. Bí ó bá ti tan ti òkè àjà, ti yàrá ìyàwó a rẹlẹ̀. Ìyàwó ń rí i, ó sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè. Ṣùgbọ́n ọkọ ti fi yé e pé ohun tí kò sí ni ó máa ń rò. Yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nǹkan pamọ́, yóò ní ìyàwó ni ó sọ ọ́ nù. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé orí òun ti ń dàrú, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá kan wọlé, tí òun náà fi ojú ara rẹ̀ rí i pé fìtílà rẹlẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo irọ́ ni gaslighting. Ẹni tí ó jẹ ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí ó ní òun kò jẹ ẹ́, irọ́ lásán ni ó pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ ẹran, tí ó wá ń sọ fún ọ lójoojúmọ́ pé o kò se ẹran rárá, pé kí o lọ tọ́jú orí rẹ, òun ni ó ń ṣe é.

Ó ku tọkọtaya mi. Obìnrin ní òun ka owó àjọ òun lé ọkọ lọ́wọ́. Ọkọ ní àlá ni ó lá. Oṣù mẹ́ta ni ó ti ń sọ pé ìgbàgbé ń ṣe é. Mo ní ta ni ó wà níbẹ̀? Wọ́n pe àbúrò ọkọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ìṣojú mi ni wọ́n ka owó náà fún yín."

Obìnrin bú sẹ́kún. Ó ní, "Àáfà, mo ti ń rò pé mo fẹ́ ya wèrè ni."

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, bí ẹ bá jẹ gbèsè, ẹ sọ pé ẹ jẹ ẹ́. Owó tí a jẹ ṣeé san padà. Ọkàn tí a dà rú kì í tètè tò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.