Àwa Ìmàle Ilẹ̀ Yorùbá Dà Nínú Ìwé Wọn?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí ariwo Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ wa yìí, n kò sì lè gbé e mì mọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà ní Washington àti ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ̀wé nípa ìlú onílùú, kí àwọn aláṣẹ tiwọn lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Bí wọ́n bá ti dé orí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn: Òkè Ọya ni ilé àwọn Mùsùlùmí, gúúsù ni ilé àwọn Onígbàgbọ́. Gbólóhùn náà rọrùn láti kọ, kò sì gba àyè nínú ìwé. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gbé Ailegun níhìn-ín, ìpè ìrun àsùbáà ló ń jí mi, kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, àwọn aládùúrà ti gbé orin tiwọn. Gúúsù wo gan-an ni wọ́n ń wí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tíṣà mi díẹ̀. Orúkọ tí àwọn baba wa fi ń pe ẹ̀sìn yìí ni Ìmàle, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láti ara orúkọ ilẹ̀ Mali ni ó ti wá. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà ló mú un wọlé, kì í ṣe idà Sókótó. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, ìrun kíkí kì í ṣe ohun tuntun mọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1894, ní Èkó, wọ́n ṣí mọ́sáláṣí ńlá tí Mohammed Shitta kọ́. Òyìnbó Liverpool kan tó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Abdullah Quilliam, ló ṣojú Sọ́táànì Tọ́kì níbẹ̀, òun ló sì mú oyè Bey wá fún bàbá náà. Ní 1923 ni àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn lè kàwé láìyí orúkọ padà. Ẹ wo iye ilé ìwé tí ẹgbẹ́ náà kọ́ kárí ilẹ̀ Yorùbá, tí ọmọ Onígbàgbọ́ àti ọmọ Ìmàle jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, àlùfáà ni wọ́n pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú tẹ́ḿpìlì, wòlíì ni wọ́n pe Aísáyà, àdúrà ni wọ́n pe ohun tí Dáníẹ́lì ń gbà. Ẹnu àwọn Ìmàle ni wọ́n ti mú gbogbo rẹ̀! Oníwàásù tó ń bú Ìmàle lórí pẹpẹ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìmàle ni ìwàásù tí òun ń ṣe.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni gbogbo èyí kàn wá? Ó kàn wá o. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2025, Ààrẹ Trump kéde Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹ̀sìn rẹ̀ ń kọ Amẹ́ríkà lóminú. Kò pẹ́ tó fi ń sọ̀rọ̀ ogun. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà já bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Sókótó, wọ́n ní àwọn agbésùnmọ̀mí ni wọ́n ń wá. Ìwé tí ẹnì kan jókòó kọ sínú ọ́fíìsì lè di bọ́ǹbù lóko ẹlòmíràn.

N kò sọ pé wọn kò pa Onígbàgbọ́. Wọ́n pa wọ́n. Ta ni yóò gbàgbé Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún àwọn tó ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì? Ẹni tó bá fojú kéré ẹ̀jẹ̀ yẹn, kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2014, nínú mọ́sáláṣí ńlá Kánò, ó lé ní 100 ènìyàn tí bọ́ǹbù àti ìbọn pa lórí ìrun Jímọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2025, ní agbègbè Málúmfáshì ní Kàtsínà, àwọn jàǹdùkú ya wọ mọ́sáláṣí ní àsùbáà, wọ́n pa nǹkan bí 50. Nínú ìwé tó pín wa sí ọ̀nà méjì péré, apààyàn àti ẹni tí wọ́n pa, abẹ́ èwo ni wọn yóò kọ òkú Málúmfáshì sí?

Òyìnbó nìkan kọ́ ló jẹ̀bi o. Ní ìparí 2024, ìròyìn tàn pé wọ́n fẹ́ ṣí kóòtù Ṣàríà ní ìlú Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní 2025. Ariwo ta, àwọn kan ti ń rí ọwọ́ tí wọ́n máa gé. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kóòtù wà nínú ìwé ìpè tó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kò sì fi ọgbọ́n ṣe é. Àwọn onípàdé ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ìgbìmọ̀ ìlàjà ni, fún Mùsùlùmí tó bá fẹ́, lórí ìgbéyàwó àti ogún. Kò ní ọlọ́pàá, kò ní ẹ̀wọ̀n. Irú rẹ̀ sì ti wà ní Ìbàdàn láti 2002, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì gé níbẹ̀. Àkọlé ìròyìn àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn kà. Àlàyé tó tẹ̀ lé e, mélòó ló rí i? Wọ́n sún ìpàdé náà síwájú, ẹ̀rù sì kù nílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ kan ní kíláàsì mi ka gbólóhùn Òkè Ọya àti gúúsù yẹn lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń kírun, ìyá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Tíṣà, àwa kò sí nínú rẹ̀.” Mo ní kó gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ wá, a sì jọ fi pẹ́ńsù sàmì sí mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọmọ kíláàsì náà mọ̀, láti Èkó títí dé Ìlọrin. Ìwé náà kún, àwọn ọmọ sì tún ń nawọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, tí ẹ sì ní ọmọ tàbí àbúrò nílẹ̀ òkèèrè, ẹ kọ̀wé sí àwọn olóòtú wọ̀nyẹn. Ẹ bi wọ́n léèrè iye Mùsùlùmí Yorùbá tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ ìwé wọn. Bí ẹ bá gba èsì, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, n ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.